Ẹni Tó Ṣe Fóònù Onílẹ̀kùn

Bí ẹnikẹ́ni bá bi ìyá mi léèrè ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo lò ní London pé iṣẹ́ wo ni ọmọ wọn ń ṣe lọ́hùn-ún, wọ́n máa ń dáhùn tayọ̀tayọ̀ pé fóònù ni mò ń tún ṣe, pé àwọn òyìnbó fúnra wọn ló ń tò sẹ́nu ọ̀nà mi báyìí. Èmi ni mo pa irọ́ yẹn fún wọn. Àwọn arúgbó ni mò ń wẹ̀ fún ní Thamesmead. Mò ń wọ ṣòkòtò fún wọn, mò ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn wọn, mò ń po tíì fún wọn, mò ń dúró tì wọ́n títí wọn yóò fi gbé oògùn mì.

Irọ́ náà kò sì jìnnà sí òtítọ́ àtẹ̀yìnwá. Mi ò tíì ju ẹni ọdún mọ́kànlélógún lọ nígbà tí ilé-iṣẹ́ ará Japan kan wá ṣí ibi àtúnṣe fóònù sí Ìkẹjà, tí wọ́n ń wá ọ̀dọ́ tí wọn yóò kọ́ níṣẹ́. Àwa méjìlá ni wọ́n mú, èmi nìkan sì ni obìnrin. Fóònù wọn máa ń ṣí, á sì pàdé bí ìwé. Onílẹ̀kùn ni a ń pè é lọ́jà. Ẹni tó bá ní Onílẹ̀kùn nígbà náà kì í tètè gbé ìpè. Yóò kọ́kọ́ jẹ́ kí gbogbo ènìyàn rí i bó ṣe ń ṣí i. Fóònù náà lágbára. Mo rí ọ̀kan tó já sínú kànga, tí wọ́n fà jáde lọ́jọ́ kejì, tí a sá a sóòrùn, tó sì dún. Ilé-iṣẹ́ náà dá ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ojú ọ̀run fún wa. Mo máa ń lọ̀ ọ́ ní àràárọ̀ bí ẹni tó ń lọ ṣe ìgbéyàwó.

Ọdún díẹ̀ ló fi gbayì bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni fóònù aláfọwọ́tọ́ dé, èyí tí ojú rẹ̀ jẹ́ gíláàsì látòkè délẹ̀, gbogbo ayé sì yíjú sí i. Àwọn oníbàárà wa ń dín kù. Ẹ̀yà ara tí wọ́n ń kó wá láti Japan bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ lọ́nà, nígbà tó yá kò dé mọ́. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan a débi iṣẹ́, a bá àwọn ọkùnrin méjì lórí àkàbà tí wọ́n ń tú pátákó orúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Kò sí ẹni tó ti sọ ohunkóhun fún wa. Ọ̀gá wa, ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, gbójú sókè, ó ní, "Ẹ rọra o, ẹ má jẹ́ kó fọ́," bí ẹni pé a ṣì máa lò ó.

Mo padà sí Abẹ́òkúta, mo ya ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Pánṣẹ́kẹ́, mo ń tún fóònù yòówù tó bá wá ṣe. Ìyá mi ti sunkún nígbà kan rí pé iṣẹ́ ọkùnrin ni mo lọ kọ́. Àwọn náà ló wá ń kó àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wọn wá sọ́dọ̀ mi. Ìyá Ẹnjiníà ni ará ṣọ́ọ̀ṣì ń pè wọ́n. Nígbà tí èmi àti ọkọ mi pínyà láìsí ọmọ láàárín wa, tí àwọn ẹbí ń wo ìyá mi tìkà-tẹ̀gbin, orúkọ yẹn ni wọ́n fi ń gbé orí sókè láwùjọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gba orúkọ náà lọ́wọ́ wọn? Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo gba fíìsà olùtọ́jú, mo sọ fún wọn pé ilé-iṣẹ́ fóònù kan ló ránṣẹ́ pè mí.

*

Òtútù ni wọ́n fi dẹ́rù bà mí kí n tó dé, ṣùgbọ́n òtútù kọ́ ló bá mi jà. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Nílé, bí o bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹnìkan á bi ọ́ pé kí ló dé, ṣé ara rẹ kò yá ni. Níhìn-ín mo lè lo odidi ọjọ́ méjì tí ọ̀rọ̀ tó bá jáde lẹ́nu mi kò ju "ẹ gbé apá sókè fún mi" lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo dé, mo kí obìnrin kan káàárọ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ó bojú wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni mò ń kí.

Plumstead ni mò ń gbé, nínú ilé Auntie Bísọ́lá, nọ́ọ̀sì kan tó ti lò ju ogún ọdún lọ nílùú yìí. Àwa mẹ́rin la gba yàrá lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n bàtà ara wa nìkan la mọ̀. Bí ẹnìkan bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ẹnìkejì ń jáde lọ. Mo mọ̀ pé ọkùnrin kan wà ní yàrá òkè tó máa ń jẹ ẹ̀wà, torí mo máa ń rí ìkòkò rẹ̀. Mi ò rí ojú rẹ̀ títí oṣù karùn-ún. Ṣọ́ọ̀ṣì wa wà ní Thamesmead West, nínú ilé ìkẹ́rùsí kan tí òrùlé rẹ̀ ń gbọ̀n bí orin bá ga. Níbẹ̀ ni mo ti máa ń gbọ́ Yorùbá kí etí mi yó. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, kóówá á wo aago, a ó sì sáré lọ síbi iṣẹ́.

Ìyá mi ló ń pè mí lọ́sàn-án, ní àkókò tí wọ́n gbàgbọ́ pé mo ń jẹun ní kántíìnì ilé-iṣẹ́ fóònù. Ibùdókọ̀ ni mo sábà máa ń wà, láàárín ilé arúgbó kan sí ìkejì.

"Ẹnjiníà mi, ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Màmá."

"Mélòó lo tún ṣe láàárọ̀ yìí?"

"Mẹ́ta, mà."

Mẹ́ta ni mo ti wẹ̀ fún. Iye náà pé.

"Ọlọ́run á máa fún ọwọ́ rẹ lókun," ni wọ́n máa ń wí, èmi náà á sì ṣe àmín. Àdúrà náà kò ṣìnà, torí mo nílò okun gan-an láti gbé Mísísì kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti pa fóònù tán, ṣe ló máa ń dà bíi pé ẹlòmíràn ni wọ́n bá sọ̀rọ̀, obìnrin kan tí orúkọ wa jọra, tó ń gbé London tí mi ò tíì rí rí.

*

Ó tó oṣù kẹjọ kí wọ́n tó fi orúkọ Mísítà Kuwano sórí rótà mi, ètò àwọn ilé tí mò ń lọ lójoojúmọ́. Kẹ́mi ló ń ṣètò rótà, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Woolwich, tí ọ́fíìsì rẹ̀ kò jìnnà sí bárékè àwọn ṣọ́jà. Kẹ́mi gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ kò mọ "ẹ" yàtọ̀ sí "o". Ó pè mí lórí fóònù.

"Auntie, that man, ó le o. Ó ti lé three carers. Kò fẹ́ kí anybody wẹ̀ fún òun. Just try, o gbọ́?"

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni Mísítà Kuwano. Àjà kẹrin ilé kan létí odò ni wọ́n ń gbé, ní Thamesmead West níbẹ̀. Ọwọ́ wọn méjèèjì ń gbọ̀n láìdáwọ́dúró, débi pé wọn kò lè de bọ́tìnnì fúnra wọn mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, wọn kò sọ ju "No" lọ. Mo bá wọn se tíì, mo bá wọn gbálẹ̀, mo kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n kọ̀ láti wẹ̀, mo bá tèmi lọ.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo ń nu ilẹ̀ ní yàrá ìjókòó, mo gbójú sókè, mo rí pẹpẹ kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Fóònù ló tò sórí rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, láti orí èyí tó tóbi bíi búlọ́ọ̀kù títí dé orí àwọn kéékèèké. Ní ìpele kẹta ni mo ti rí i.

"Onílẹ̀kùn!" Mi ò mọ ìgbà tí mo pariwo, Yorùbá ni mo sì fi pariwo.

Wọ́n yí orí sọ́dọ̀ mi. Ìtìjú mú mi. Mo wá fi òyìnbó ṣàlàyé pé iṣẹ́ mi nìyẹn kí n tó wá síhìn-ín, pé irú fóònù yìí gan-an ni mo fi kọ́ṣẹ́. Ẹnu mi kò dúró mọ́. Mo ní àwọn tí kò mọ̀ ọ́n tú máa ń fọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, torí wọn kì í mọ̀ pé síkúrù kan sá pamọ́ sábẹ́ rọ́bà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí à ń ki ṣájà bọ̀.



"Ta ló sọ fún ọ nípa síkúrù yẹn?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, sà. Mo fọ́ méjì kí n tó rí i."

"Èmi ni mo fi í síbẹ̀," ni wọ́n wí. "Wọ́n ní kò gbọdọ̀ hàn, kó má ba ẹwà rẹ̀ jẹ́."

"Ẹ fìyà jẹ wá o, sà."

Ohùn kan jáde lọ́fun wọn tí mo kọ́kọ́ rò pé ikọ́ ni. Ẹ̀rín ni. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n jẹ́ kí n wẹ̀ fún àwọn.

*

Mi ò bi wọ́n léèrè ìtàn kankan. Àwọn ni wọ́n ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, bí mo bá ń nu ẹ̀yìn wọn tàbí tí mò ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún wọn.

Rédíò ni ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀, ní ìlú kékeré kan tí òkè yí ká. Bí Mísítà Kuwano ṣe jáde ilé-ìwé ni wọ́n gbà wọ́n síbẹ̀ láti máa gbálẹ̀. Ìgbà tí ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ fóònù, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe wúwo tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé inú mọ́tò àwọn olówó nìkan ló ń gbé. Ọdọọdún ni wọ́n ń dín in kù. Nígbà tó kéré tó láti wọ àpò, ọ̀gá àgbà ní ó yẹ kó lè ká, kó lè ṣí, wọ́n sì gbé iṣẹ́ hínjì rẹ̀, ibi tó ti ń ká, fún Mísítà Kuwano, tó ti di ẹnjiníà nígbà náà. Ọdún méjì ni wọ́n fi ṣe hínjì kan ṣoṣo. Wọ́n ní kì í ṣe kó má kán nìkan ni àwọn ń wá. Àwọn ń wá ohùn tó máa mú jáde nígbà tó bá pàdé.

"Irú ohùn wo, sà?"

"Bí ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n kọ́ dáadáa. Kí ẹni tó pa á dé mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí."

Ìgbà tó jáde, àwọn ọ̀dọ́ tò sínú òjò ní Tokyo láti rà á. Ilé-iṣẹ́ náà ń ga sí i, wọ́n ń gba òṣìṣẹ́ débi pé àwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà kan náà kò mọ ara wọn mọ́. Wọ́n rán Mísítà Kuwano àti ìyàwó wọn wá sí ilẹ̀ yìí láti bójú tó ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ síbí. Wọ́n ní ọdún mẹ́ta péré ni àwọn fẹ́ lò.

Nígbà náà ni fóònù gíláàsì dé. "A ra ọ̀kan," ni wọ́n wí, "àwa ẹnjiníà méje yí i ká lórí tábìlì. Mo gbé e, mo jẹ́ kó já bọ́. Ó fọ́. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, a sì lọ jẹun ọ̀sán." Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ kejì fún wọn. "Ẹ̀rín yẹn ló pa wá. Ohun tí kò ní fọ́ ni a rò pé àwọn ènìyàn ń fẹ́."

Láàárín ọdún díẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà kò ta fóònù mọ́ ní ilẹ̀ òkèèrè. Mísítà Kuwano ni ilé-iṣẹ́ ní kí wọ́n sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ tó wà níbí pé iṣẹ́ ti parí. Wọ́n kó wọn jọ sí kántíìnì. Ó bọ́ sí ọjọ́ ìbí obìnrin kan láàárín wọn, ó sì ti se kéèkì wá láti ilé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tán, obìnrin náà dìde, ó gé kéèkì rẹ̀, ó sì pín in káàkiri.

"Ó fún mi ní tèmi," ni Mísítà Kuwano wí. "Mi ò lè gbé e mì."

Bí mo ṣe ń gbọ́ ọ, mò ń rí àwọn ọkùnrin méjì orí àkàbà yẹn ní Ìkẹjà. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń bínú sí ilé-iṣẹ́ kan tí kò tilẹ̀ lójú tó lè fi rí mi. Mi ò mọ̀ pé ẹnìkan wà lápá kejì ìbínú náà tí kéèkì há lọ́fun.

Ìyàwó wọn kú síbí, wọ́n sì sin ín síbí. Wọn kò bímọ. Àbúrò wọn obìnrin kan ṣoṣo ló kù ní Japan, ó sì máa ń pè wọ́n lórí fóònù ilé láràárọ̀ Sunday. Wọn kì í gbé e. Bó ti ń dún, ojú wọn á máa wo odò títí yóò fi dákẹ́.

"Ẹ ò ní gbé e, sà?"

"Ó máa bi mí pé ìgbà wo ni mò ń bọ̀ wálé. Kí ni màá sọ fún un?"

Ẹni tó ń tún fóònù mẹ́ta ṣe láàárọ̀, kí ló fẹ́ sọ?

*

Orí pẹpẹ yẹn, Onílẹ̀kùn kan wà tí wọn kì í jẹ́ kí n nù. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ fi ọwọ́ ṣe kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ ṣe é. Kò tàn mọ́. Wáyà pẹlẹbẹ tó ń gba inú hínjì kọjá ti já. Wọ́n ní ìpààrọ̀ rẹ̀ wà nínú agolo bisikíìtì kan, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbìyànjú. Wọ́n na ọwọ́ wọn méjèèjì tó ń gbọ̀n síwájú mi, bí ẹni ń fi ẹjọ́ wọn sùn.

"Ìwọ lè ṣe é," ni wọ́n wí.

Mo mọ òfin. Olùtọ́jú kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohun ìní ẹni tó ń tọ́jú, kò sì gbọdọ̀ yọjú síbẹ̀ lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n ní ó yé àwọn. Wọn kò sọ ọ́ mọ́, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà máa jẹ mí lọ́kàn.

Ní Tọ́sìdeè tí mi ò lọ síṣẹ́, mo tú àpótí mi, mo yọ àwọn irinṣẹ́ tí mo fi búláòsì wé wá láti Abẹ́òkúta. Mi ò tíì fọwọ́ kàn wọ́n láti ọjọ́ tí mo dé. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Thamesmead West.

A tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé. Mo yọ rọ́bà, mo yọ síkúrù tó sá pamọ́. Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ń sọ fún mi lẹ́sẹẹsẹ: "Rọra. Tẹ̀ ẹ́ sí òsì. Má fà á." Nígbà míràn ọwọ́ mi ti ṣe é kí wọ́n tó wí. Ó gbà wá ní wákàtí mẹ́ta. Fún wákàtí mẹ́ta yẹn, mi ò rántí pé ìlú wo ni mo wà. Nígbà tí mo tẹ bọ́tìnnì, tí iná tàn lójú rẹ̀, mo gbé e lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n pa á dé, wọ́n ṣí i, wọ́n tún pa á dé. Ojú wọn wà ní pípadé. Èmi náà gbọ́ ohùn náà.

Wọ́n tẹrí ba fún mi, orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tábìlì. Mo kúnlẹ̀, torí mi ò mọ ohun tí à ń ṣe bí àgbàlagbà bá tẹrí ba fún ènìyàn.

Ayọ̀ náà kò jẹ́ kí wọ́n lè pa á mọ́ra. Ní ìrọ̀lẹ́ wọ́n fi fóònù náà han olùtọ́jú tó wá se oúnjẹ, wọ́n sì sọ ẹni tó tún un ṣe. Ní Fúráìdè, Kẹ́mi pè mí wá sí ọ́fíìsì.

"Auntie, jókòó. Kí lo lọ ṣe nílé client on your day off?"

Mo sọ òtítọ́.

"O kó tools lọ síbẹ̀? Auntie! Bí nǹkan bá sọnù ńkọ́? Bí iná bá jó o ńkọ́? Ọ̀gá mi ti rí report yẹn, mi ò lè fi pamọ́." Ojú rẹ̀ kò le. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. "Máa lọ sílé first. Wọ́n máa wádìí ẹ̀."

Gbogbo ẹni tó bá fíìsà wa dé mọ ohun tí gbólóhùn yẹn túmọ̀ sí. Bí wọ́n bá lé mi, ìwé mi ti lọ nìyẹn, àfi kí n tètè rí ẹlòmíràn tó máa gbà mí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí n máa kẹ́rù. Auntie Bísọ́lá bá mi nínú ilé ìdáná, mo jókòó síwájú omi tó ti hó tán.

"Sister, kí ló kàn ọ́ kan fóònù?" ni wọ́n wí. "Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún ọ, ṣe é, máa bọ̀ nílé. Báyìí la ṣe ń pẹ́ níbí." Wọ́n wò mí díẹ̀, wọ́n bu ìrẹsì síwájú mi, wọ́n sì lọ síbi iṣẹ́.

Mo ro ọ̀rọ̀ wọn títí. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo bi ara mi pé kí ni ènìyàn fi ń pẹ́ níbi tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe. Ní gbogbo ilẹ̀ yìí, ẹnìkan ṣoṣo ló mọ̀ mí bí wọ́n ṣe mọ̀ mí ní Pánṣẹ́kẹ́, ẹni náà kò gbọ́ èdè mi, èmi náà kò gbọ́ tirẹ̀, wọ́n sì ti ní kí n má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́.

*

Ọjọ́ kẹta tí mo ti wà nílé ni ìyá mi pè lọ́sàn-án.

"Ẹnjiníà mi, mélòó lo tún ṣe láàárọ̀ yìí?"

Mo la ẹnu kí n sọ iye kan, ẹkún ló jáde. Mo wá sọ gbogbo rẹ̀: ilé-iṣẹ́ fóònù tí kò sí, àwọn arúgbó, Mísítà Kuwano, ọ́fíìsì, ìwé fíìsà. Mo gbọ́ adìẹ tó ń ké lẹ́yìn wọn ní àgbàlá wa.

"Mo wẹ̀ fún ìyá bàbá rẹ fún ọdún mẹ́rin," ni wọ́n wí níkẹyìn. "Mo gbé e lé pó, mo gbé e kúrò. Ta ni o gbọ́ pé mo purọ́ fún?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Inú ń bí mi. Iṣẹ́ náà kọ́ ló ń bí mi nínú. Ọdún kan gbáko lo ti wà nínú òtútù yẹn tí ò ń jẹ́ kí n máa gbàdúrà fún ẹni tí kò sí. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ni mo sọ fún! Èmi náà ni màá lọ bá wọn tú u."

"Màmá..."

"Gbọ́ ná. Bàbá Japan yẹn, ta ló ń wẹ̀ fún un báyìí?"

Mi ò mọ̀. Láàárín gbogbo ẹ̀rù tó ń bà mí nípa ara mi, mi ò tíì bi ara mi ní ìbéèrè yẹn.

Kò sẹ́ni tó ń wẹ̀ fún wọn. Ẹnu Kẹ́mi ni mo ti gbọ́ ọ lọ́jọ́ kọkànlá, nígbà tó pè mí padà sí ọ́fíìsì. Mísítà Kuwano ti lé ẹni méjì tí ọ́fíìsì rán lọ. Wọ́n sì ti kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì. Kẹ́mi gbé e fún mi kí n kà á. Ọwọ́ gbígbọ̀n ló kọ ọ́, àwọn lẹ́tà náà ń fò káàkiri bí ọ̀pọ̀lọ́, kò sì ju ojú ìwé kan lọ. Wọ́n ní àwọn ni wọ́n pè mí, kì í ṣe èmi ni mo wá. Wọ́n ní ohun tí kò sí ẹnjiníà kan tó kù tó lè ṣe ni mo ṣe. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ya Onílẹ̀kùn, wọ́n fi ọfà tọ́ka sí síkúrù kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ orúkọ mi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Auntie, mi ò mọ̀ pé engineer ni yín," ni Kẹ́mi wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó sọ "yín" fún mi. "Wọ́n máa fún yín ní warning, ó máa wà nínú fáìlì yín. Ṣùgbọ́n ẹ máa lọ lọ́la. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó tools dání."

*

Mísítà Kuwano ti rù kí n tó padà. Wọn kò sọ̀rọ̀ nípa lẹ́tà náà, èmi náà kò sì dárúkọ rẹ̀. Mo kàn fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ kún báfù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní Sunday kejì, bí fóònù ilé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dún, mo sọ fún wọn pé mo ti sọ òtítọ́ fún ìyá mi.

"Kí ni ó wí?"

"Ó bínú, sà. Lẹ́yìn náà ó béèrè yín."

Fóònù náà dún títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́. Wọ́n nawọ́, mo gbé e fún wọn, mo sì lọ ṣí omi sílẹ̀ nínú ilé ìdáná kí n má baà gbọ́. Mo gbọ́ náà. Èdè wọn kò yé mi, àmọ́ ẹ̀bẹ̀ kò nílò ògbufọ̀.

Láti ìgbà náà, ìyá mi kò béèrè iye fóònù mọ́. "Bàbá Japan ńkọ́? Ṣé ó jẹun?" ni wọ́n máa ń wí. Wọ́n ti fi orúkọ bàbá náà sínú ìwé àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́hùn-ún. Bí mo bá sọ ọ́ fún Mísítà Kuwano pé àwọn ìyá kan ń gbàdúrà fún wọn ní Abẹ́òkúta, wọ́n á ní kí n fi ìlú náà han àwọn lórí máàpù.

Nígbà òtútù, wọ́n gbé Mísítà Kuwano lọ sí ọsibítù. Kẹ́mi ní kí n dúró, pé wọ́n máa padà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni orúkọ wọn fi wà lórí rótà mi pẹ̀lú àmì pé kí n má tíì lọ. Ní àárọ̀ Túúsìdeè kan, mo ṣí rótà ní ibùdókọ̀ ní Plumstead. Orúkọ wọn kò sí níbẹ̀ mọ́. Orúkọ ẹlòmíràn ló wà ní aago mẹ́sàn-án tó jẹ́ tiwọn.

Mo pe Kẹ́mi.

"Saturday ni, Auntie. Ó yẹ kí n ti pè yín. Ẹ má bínú." Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀. "Sister wọn ní Japan ti mọ̀."

Mo lọ sí ilé ẹni tuntun náà. Obìnrin aláwọ̀ funfun kan ni, ó níwà pẹ̀lẹ́. Mo wẹ̀ fún un, mo ya irun rẹ̀, mo po tíì rẹ̀, mo kọ ohun gbogbo sínú ìwé. Nígbà tí mo jáde, mi ò lọ sí ilé kejì. Mo jókòó ní ibùdókọ̀, mo pe ìyá mi. Kì í ṣe àkókò tí a máa ń sọ̀rọ̀.

"Màmá, Bàbá Japan ti kú."

"Háà. Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, mà. Wọn kò sọ fún mi. Èmi kì í ṣe ẹbí."

"Ṣé ẹnìkan ń sunkún rẹ̀ níbẹ̀ yẹn?"

"Èmi ni, mà."

"Ó dáa. Sun ún, má ṣe yára. Mo wà níbí." Mo gbọ́ tí wọ́n fa àpótí ìjókòó, tí wọ́n jókòó. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Sọ fún mi, irú oúnjẹ wo ló fẹ́ràn?"

Mo ní ìrẹsì ni, láìsí ọbẹ̀, pẹ̀lú ẹyin.

"Láìsí ọbẹ̀? Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́, kí ni orúkọ ìyẹn?"

Bọ́ọ̀sì dé, ó ṣílẹ̀kùn, dírẹ́bà ń wò mí. Mo juwọ́ sí i pé kó máa lọ. Ìyá mi kò tíì béèrè tán.